Kí Ló Ń Sọ Èèyàn Di Tírénà Ẹṣin Ìje? Ìdáhùn sí Ọ̀dọ́kùnrin Kan ní Àgbádárìgì

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àgbádárìgì ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń fi ẹṣin gbé àwọn tó wá gbafẹ́ kiri etí òkun. Alhaji kan ní Ìkòròdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin mẹ́ta láti Òkè Ọya, ó ní kí n wá máa tọ́ wọn kí wọ́n lè sáré ìje ní Kàdúná ní oṣù mẹ́rin òní. Owó tó fẹ́ san dára. Àwọn kan sọ fún mi pé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá le, tó sì mọ oògùn, ló ń jẹ́ tírénà. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ti mọ ẹṣin gùn ti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń sọ èèyàn di tírénà tó mọṣẹ́ gan-an? Ṣé kí n gba iṣẹ́ yìí?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Ìbéèrè méjì lo bi mí, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kẹta tí o kò kọ sílẹ̀: ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ẹṣin olówó má lọ yarọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rù yẹn kò bá bà ni mi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ẹṣin ìje. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tí wọ́n sọ fún ọ palẹ̀, torí bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyókù kò ní yé ọ.

Gígun ẹṣin yàtọ̀ sí títọ́ ọ. Jọ́kì ló ń gùn ún lọ́jọ́ ìje, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń lò lórí rẹ̀. Tírénà ló ni gbogbo ọjọ́ yòókù: ohun tí ẹṣin jẹ, omi tó mu, ìrìn tó rìn, eré tó sá, bàtà irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ibi tó sùn, ìje tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí àti èyí tí wọn ò ní gbé e dé. Bí o ṣe mọ ẹṣin gùn yẹn máa ràn ọ́ lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí ọmọ tó gùn ún bá sọ fún ọ pé ẹṣin ń fà sápá kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ti ọwọ́ líle, ẹṣin kì í gbàgbé. Ẹni tó bá nà án lónìí kó lè wọ ọkọ̀, á tún nà án lọ́la, lọ́tunla ẹṣin ò ní wọ ọkọ̀ mọ́ rárá. Ohun tó ń kọ́ ẹṣin lọ́gbọ́n ni kí o dẹ ìjánu lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ṣe ohun tí o fẹ́. Bí o bá pẹ́ kí o tó dẹ̀ ẹ́, kò ní mọ ohun tó ṣe tó dára. Ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ yìí ṣòro láti ní ju ọwọ́ tó le lọ. Ní ti oògùn, èyí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí nínú ọgbà ẹṣin ni abẹ́rẹ́ apàrora. Ẹsẹ̀ ń dun ẹṣin, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó dẹ́kun títiro, wọ́n sì gbé e sáré. Iṣan tó ya díẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìrora tí ì bá dá ẹṣin dúró nìkan ni wọ́n mú kúrò. Báyìí ni ẹṣin ṣe ń dá lẹ́sẹ̀ láàárín pápá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Bí Alhaji tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá gbé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wá láìsí dókítà ẹranko níbẹ̀, kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ máa ná ọ ní iṣẹ́ náà.

Ohun tó wá ń ya tírénà tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀, lójú tèmi tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní Òkè Ọya kí n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ni pé ó mọ ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹṣin sáré. Ẹnikẹ́ni ló lè mú kí ẹṣin sáré. Ẹṣin fúnra rẹ̀ fẹ́ràn eré, bí ọ̀kan bá ti gbéra, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ẹni tó máa wò ó láàárọ̀, tó máa rí ohun kékeré kan tí ẹlòmíràn ò rí, tó sì máa ní "ìrìn lásán ni tòní", ni mo ń wá. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ẹṣin, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí òun ló máa dáhùn ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin yẹn.

Èémí ẹṣin máa ń gbára dì kíákíá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń sáré tagbára tagbára, ó ń kọjá 200. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ déédéé, wàá rí i pé kì í mí hẹlẹhẹlẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ìgbà yẹn gan-an ni olówó ẹṣin máa dé tó máa ní, "Ó ti tó o, ẹ jẹ́ kó sáré!" Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti egungun kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù ni tiwọn ń gbà. Egungun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ṣiṣẹ́ líle máa ń kọ́kọ́ yọ èyí tó gbó nínú ara rẹ̀ kúrò kó tó fi tuntun dí i, nítorí náà àsìkò kan wà tí ẹsẹ̀ ẹṣin dẹ̀ ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ, nígbà tí ojú rẹ̀ sì ń sọ pé òun ti ṣe tán. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ń bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Bí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá ya, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ló ń gbà kó tó san, ó sì máa ń rọrùn fún un láti tún ya níbẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹṣin máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí di ọjọ́ ìje o. Egungun nílò eré kíkankíkan díẹ̀ kó tó lè le, ṣùgbọ́n kó kúrú, kó máa pọ̀ sí i ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín.

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Ọwọ́ àti ojú ni. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé gàárì, mo máa ń wọlé tọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan lọ. Ọpọ́n oúnjẹ alẹ́ àná ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹṣin tó máa ń lá ọpọ́n mọ́ tónítóní, tó wá fi ìkúnwọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo á wo ìgbẹ́ rẹ̀ àti bó ṣe tú koríko ilẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà mo á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, n kì í kúnlẹ̀, kí n lè tètè yẹra. Mo á fi ìka dì mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún, mo á sì fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó yẹ kí iṣan ibẹ̀ tutù, kó le gbọn-in, kí etí rẹ̀ mú lọ́wọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Mo á wá ṣe ti ẹsẹ̀ kejì, torí àfiwé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń sọ òótọ́. Bí ibì kan bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kó má tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tàbí tí ẹṣin bá mira nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, kò sáré lọ́jọ́ yẹn. Omi tutù la máa dà sí i, a ó sì pe dókítà. Mo ti rí ẹṣin tí kò tiro rárá, tó jẹ́ pé ooru kékeré yẹn nìkan ni àmì tó fún wa kí iṣan rẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ líle, kó sì sáré díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń dùn ún, orí rẹ̀ á máa gbéra sókè nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá balẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́, ti ẹṣin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó; ti ẹṣin tára rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Láìsí ìwé, wàá máa rántí ohun tó wù ọ́ láti rántí.

Ìwọ tí o wá láti etí òkun, ìtàn kan wà tó yẹ kí o mọ̀. Ọkùnrin kan wà ní Southport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Ginger McCain. Ó ń wa takisí, ó ń ta ọkọ̀ àlòkù, ẹ̀yìn ibi tó ti ń ta ọkọ̀ ni ilé ẹṣin rẹ̀ wà. Ní 1972, ó ra ẹṣin kan tó ń jẹ́ Red Rum, tí àrùn egungun inú pátákò ti ń bá fínra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un dé etí òkun, ṣe ló ń tiro. McCain ní kí wọ́n mú un wọnú omi kó máa rìn níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ geere. Orí yanrìn yẹn ni wọ́n ti ń tọ́ ọ lọ́jọ́ gbogbo. Red Rum gba Grand National, ìje tó gùn ju kìlómítà 6 lọ tí ẹṣin ti ń fo ìdènà 30, ní 1973, 1974 àti 1977, ó sì ṣe ipò kejì ní 1975 àti 1976. Omi tutù máa ń mú kí ibi tó wú rọlẹ̀, yanrìn tí kò le jù sì ń tu pátákò tó ń dunni lára. McCain rí ohun tó ṣe ẹṣin kan ṣoṣo yìí lóore, ó sì dúró lé e. Yanrìn Àgbádárìgì lè ṣe ọ́ lóore náà, ṣùgbọ́n ibi tí omi ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa ni kí o ti máa lò ó. Yanrìn gbígbẹ tó jìn, tí ẹsẹ̀ ń rì sí, ń fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ya. Ìrìn nìkan ni kí ẹṣin máa rìn lórí irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gbòòrò, àwọn tó ṣe kókó ni mo máa mú. Ikùn ẹṣin kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, kò sì lè bì. Ìdí nìyẹn tí inú rírun fi lè pa ẹṣin tó lágbára láàárín òru kan. Koríko ni kó máa wà lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí ọkà bàbà, jéró tàbí dúsà (eèrí ọkà) máa tẹ̀ lé e ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Má pààrọ̀ oúnjẹ lójijì. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ tó bá ti bu nígbà òjò, dà á nù, torí ó máa ń dá ikọ́ sí ẹṣin lára, ẹṣin tó ń húkọ́ kò sì lè sáré: imú nìkan ló fi ń mí, kò lè gba ẹnu mí bíi tiwa. Ohun kan tí mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin rèé, torí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kún fún oko adìyẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún àwọn ẹṣin yẹn ní oúnjẹ adìyẹ, ì báà ṣe ìkúnwọ́ kan. Wọ́n máa ń po oògùn kan tó ń jẹ́ monensin mọ́ àwọn oúnjẹ adìyẹ kan kí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ má bàa pa wọ́n. Kì í ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, díẹ̀ rẹ̀ ló sì ń pa á. Kò ní ẹ̀rọ̀. Má tilẹ̀ fi àpò tàbí báàfù tí wọ́n fi po oúnjẹ adìyẹ bu oúnjẹ ẹṣin.

Ooru ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà náà wà níbẹ̀. Òógùn ni ẹṣin fi ń tu ara rẹ̀ lára. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi bíi tiwa, òógùn kì í gbẹ, ooru á sì há sínú ara. Àwọn ẹṣin tó ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ Òkè Ọya wá ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ara wọn tó mọ́lé. Ìdájí ni kí iṣẹ́ wọn máa jẹ́, kó parí kí oòrùn tó mú. Fún wọn ní iyọ̀, kí omi tó mọ́ má sì tán níwájú wọn. Ẹṣin kan lè mu lítà 25 sí 50 lóòjọ́, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru. Lẹ́yìn eré, máa da omi tutù sí i lára láìdúró títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Má gbọ́ ti àwọn tó ní omi tutù ń rọ ẹṣin lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ó yẹ kí lílù ọkàn rẹ̀ ti sún mọ́ 60. Bí kò bá sún mọ́ ọn, iṣẹ́ tí o fún un ti pọ̀ jù. Bí o bá rí ẹṣin tó ń mí gidi tí awọ rẹ̀ sì gbẹ, ewu ni. Àwọn kan máa ń dẹ́kun làágùn pátápátá ní ilẹ̀ wa yìí, kò sì sí tírénà tó lè fi agbára yí ìyẹn padà. Ibi tó tutù tó sì gbẹ ni kí wọ́n gbé irú wọn lọ.

Kí n má gbàgbé eṣinṣin tsetse. Ìdí tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń ra ẹṣin láti òkè nígbà gbogbo, tí ẹṣin ogun wọn kò sì rọ́wọ́ mú nínú igbó kìjikìji, nìyẹn. Àrùn tí eṣinṣin yìí ń kó sí ẹṣin lára nígbà tó bá gé e jẹ máa ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ẹṣin á máa jẹun dáadáa, á sì máa rù, ara á máa gbóná, abẹ́ ikùn á máa wú. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní ọ̀lẹ, á sì máa nà án. Abẹ́rẹ́ ipá náà ṣe pàtàkì, torí ẹṣin wà lára àwọn ẹran tí ipá ń tètè pa jù.

Ẹṣin mẹ́ta lo fẹ́ gbà, èèyàn mẹ́ta ni kí o kà wọ́n sí. Henry Cecil tọ́ ẹṣin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Frankel, tó sá ìje 14 láàárín 2010 sí 2012 tí kò pàdánù ẹyọ kan. Ẹṣin yẹn lágbára débi pé ó ń fà mọ́ ẹni tó gùn ún lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá tí Cecil àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ni bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti fara balẹ̀, kó má ná gbogbo agbára rẹ̀ kó tó dé ibi tó ti nílò rẹ̀. Ọ̀kan nínú ti Alhaji lè jẹ́ asáré kúkúrú, òmíràn lè jẹ́ èyí tí kì í yára gbéra ṣùgbọ́n tí kì í rẹ̀. Ìje tó bá ọ̀kan mu lè dójú ti èkejì. Ọ̀kan sì lè má jẹ́ ẹṣin ìje rárá. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ tírénà tó lè fi eré tí kò sí nínú ẹṣin sí i nínú.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Alhaji. Apá tó nira jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí o wo ojú ẹni tó ń san owó, kí o ní, "Ẹ má bínú sà, kò tíì tó." Mo mọ àwọn tí ọwọ́ wọn dára lára ẹṣin, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè sọ gbólóhùn yẹn. Ẹṣin wọn kì í pẹ́ lórí pápá.

Ṣé kí o gbà á? Bí àwọn ẹṣin yẹn bá ti ń sáré déédéé kí wọ́n tó rà wọ́n, oṣù mẹ́rin lè tó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ń dúró lásán fún ìgbà pípẹ́, àkókò náà há: ẹ yọ ọ̀sẹ̀ tí ara wọn máa fi mọ́lé kúrò, ẹ yọ ìrìn àjò Kàdúná àti ìsinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n so lórí sókè nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ kan gbáko lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, torí náà ó yẹ kí wọ́n máa dúró lọ́nà kó lè tẹ orí ba kó fẹ́ imú. Èmi ò lè ti Ẹ̀pẹ́ níbí sọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí. Dókítà ẹranko tó fọwọ́ kàn wọ́n ló lè sọ ọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé kò sí ẹni tí wàá máa bi léèrè ní Ìkòròdú. Èkó ní pápá eré ẹṣin nígbà kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru òmìnira ní 1960, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Tafawa Balewa Square sí ní 1972. Ìmọ̀ ìje kúrò nílùú pẹ̀lú pápá náà. Àwa tó ṣẹ́kù níhìn-ín, ẹṣin Ojúde Ọba la sábà ń tọ́, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn: ijó àti ìdúró la ń kọ́ wọn, kì í ṣe eré. Àwọn tó ń tọ́ ẹṣin ìje wà ní Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì, níbi tí súkúwà, ìyẹn eré ìje ẹṣin, kò tíì kú.

Bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, mà á sọ fún Alhaji pé kó gbé àwọn ẹṣin náà padà sókè báyìí, sí ọ̀dọ̀ tírénà tó ti mọṣẹ́, kí n sì bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú wọn lábẹ́ rẹ̀. Owó rẹ á dínkù, mi ò purọ́ fún ọ, o sì lè máa gbá ìgbẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́ ní èrò rẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wàá rí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó dára àti èyí tó bàjẹ́, ọwọ́ rẹ á sì mọ ìyàtọ̀. Bí Alhaji bá kọ̀, tó ní Ìkòròdú ni dandan, gbà á pẹ̀lú ohun mẹ́ta tí ẹ máa kọ sílẹ̀: kí dókítà ẹranko yẹ àwọn ẹṣin wò, kó fa ẹ̀jẹ̀ wọn, kó sì wo eyín wọn, torí ẹṣin tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì pé kò tíì pé ọdún 5, ti ẹsẹ̀ irú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, kó jẹ́ ìwọ ló máa sọ bóyá ẹṣin kan á sáré tàbí kò ní sáré, kí ìje Kàdúná sì jẹ́ ìrètí, kó má jẹ́ àdéhùn. Bó bá kọ̀ láti gba ìkejì, pé ìwọ ló máa sọ ẹṣin tó máa sáré, jọ̀wọ́ dúró sí etí òkun rẹ. Bó bá gbà, fi èsì ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí dókítà rí ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbé gàárì lé èyíkéyìí nínú wọn, kí a lè jọ wo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣe máa rí.